Ilé Tí Wọ́n Kọ́ fún Ìjàpá Odò

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí èyí tó ṣẹ́ kù nínú eyín mi já bọ́ sínú tíì mi láàárọ̀ ọ̀la, kí n sì gbé e mì. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, ọmọ àbúrò mi ni. Mo ti gbé e jó nígbà tí kò tíì léyín. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi odò.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ ni Dúró-Ná. Kì í ṣe àbúrò mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ afárá ló sọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Bí awakọ̀ katakata bá fẹ́ ki imú ọkọ̀ bọ iyanrìn, "Ẹ dúró ná." Bí wọ́n bá fẹ́ gé igi kan létí odò, "Ẹ dúró ná." Wọ́n ní lọ́jọ́ kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀, tí ọkọ ń fìbínú jáde lọ, ó ní kó dúró ná, ọkùnrin náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ìbínú fi tán nínú rẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ yẹn. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kúkúrú ni. Bí ẹ bá rí i nínú bàtà rọ́bà rẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ẹ ó rò pé bàtà ló ń gbé e kiri. Àmọ́ ẹni tó bá ti bá a ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé bó bá ti gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan, àfi kí ilẹ̀ ó yẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn kò ní yẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò rọrùn láti ṣàlàyé fún aládùúgbò. Kọ́ńpánì tó ń kọ́ afárá ló gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin ìjọba ló ń bá wọn ṣọ́. Àwọn ẹranko kan wà tí wọ́n ti ń tán lọ láyé. Ìjọba wá ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan síbi tí irú wọn ń gbé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó sì máa tẹ̀ lé àṣẹ náà bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀gá. Dúró-Ná ló wà láàárín. Bí kọ́ńpánì bá fẹ́ sáré, òun ló ń fa ìjánu; bí ìjọba bá fẹ́ sùn, òun ló ń jí i. Kò sí èyí tó ń dúpẹ́ nínú àwọn méjèèjì.

Àbúrò mi pàápàá, ìyá tó bí i, iṣẹ́ náà kì í yé e. Òdì kejì odò ni àbúrò mi ń gbé, orúnkún sì ń dà á láàmú. Bó bá fẹ́ wá sí ọsibítù, àfi kí èèyàn méjì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, bí ẹni ń gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ó máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mo rán ẹ níléèwé, o kàwé títí ojú rẹ fi wọnú, ó wá di pé ò ń ṣọ́ ìjàpá."

"Ẹ̀yin náà ẹ ṣọ́ mi títí mo fi dàgbà, Màámi. Ta ló bú yín?"

"Ìwọ kì í ṣe ìjàpá."

"Ẹ bi ọkọ mi."

Ìjàpá odò tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe èyí tó ń tan àna rẹ̀ jẹ nínú àlọ́ o. Èyí kò mọ ẹ̀tàn kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ńlá, ọrùn rẹ̀ gùn, imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹnu kẹ́tùlù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n pọ̀ débi pé ẹ̀yìn wọn là ń tẹ̀ kọjá odò, bàtà wa kì í tutù. Lónìí, ẹni tó bá rí ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kó yà á ní fọ́tò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà, abo rẹ̀ á gòkè wá sórí iyanrìn, á gbẹ́ ihò, á yé ẹyin sí i, á wa iyanrìn bò ó, á sì pa dà sínú omi láì wẹ̀yìn. Oòrùn ló fi ọmọ tì. Ooru tó ń wọ inú iyanrìn yẹn ló ń pa ẹyin náà; láìsí i, òkúta lásán ni gbogbo wọn.

Dúró-Ná rí ìtẹ́ kan lẹ́bàá ibi tí òpó kẹta afárá máa dúró sí. Ó na okùn pupa yí i ká, ó sì ké sí ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjiníà. Ẹnjiníà yìí, ọkùnrin tí kò lè jókòó ni. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, wọ́n ní orí ìdúró ló ti ń sùn pẹ̀lú. Ó wo okùn pupa, ó wo ojú ọ̀run, ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà nínú àṣẹ tí ìjọba fún wọn: bí ìtẹ́ kan bá bàjẹ́ láti ọwọ́ kọ́ńpánì, àṣẹ bàjẹ́ nìyẹn. Òjò á dé bá iṣẹ́, omi á kún, afárá á sì di ọ̀rọ̀ ọdún mìíràn, bí ọdún mìíràn bá gbà. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí òdì kejì, ó ní kí wọ́n máa ṣe òpó ti ọ̀hún ná. Nǹkan ń lọ geere.

Ìgbà náà ni kọ́ńpánì pe Dúró-Ná sí ìpàdé ní ìlú tí olú iléeṣẹ́ wọn wà. Ó ní òun ò ní pẹ́. Kò sì pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó.

Kò sí ìkà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Olórí àwọn tó ń fi bílọ́ọ̀kù kọ́lé, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Baba Bíríkìlà, ló rí ajá kan tó ń fọwọ́ wa iyanrìn lẹ́bàá okùn pupa. Ó lé ajá. Ajá lọ, ajá tún bọ̀. Bàbá yìí ti kọ́ ilé fún olówó, ó ti kọ́ fún òtòṣì, ó ti kọ́ fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ìṣòro yòówù tó bá rí láyé, ilé ni oògùn rẹ̀. Ó pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n á kàn máa wòran títí ajá á fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àánú ṣe gbogbo wọn. Wọ́n po sìmẹ́ńtì.

Ilé tí a fi itọ́ mọ ni ìrì ń wó. Èyí tí àwọn wọ̀nyí kọ́, àkúnya omi gan-an á kọ́kọ́ kí i kó tó kọjá. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ yí ìtẹ́ ká. Wọ́n to bílọ́ọ̀kù ní igun mẹ́rin, ó ga tó orúnkún. Wọ́n rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Wọ́n fi fèrèsé tíntín kan sí apá ibi tí odò wà, kí atẹ́gùn lè máa wọlé, wọ́n sì ta kọ́tìnì sí i. Nígbà tó kan òrùlé, ẹnìkan dábàá páànù. Baba Bíríkìlà ní rárá, páànù máa ń gbóná, ooru á mú àwọn ọmọ náà. Wọ́n da dẹ́kìn lé e lórí, pẹ̀lú irin nínú.

Lọ́jọ́ tí Dúró-Ná dé, wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é bí ọmọ iléèwé tó ń retí ẹ̀bùn. Baba Bíríkìlà fọwọ́ gbá orí dẹ́kìn, ó rẹ́rìn-ín títí èrìgì rẹ̀ fi hàn.

"Ajá tó bá ráyè wọbí, Màdáàmù, á jẹ́ pé ó ní kọ́kọ́rọ́."

Dúró-Ná kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ fèrèsé, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ iyanrìn. Iyanrìn tó yẹ kó gbóná bí ilẹ̀ ìdí ààrò ti tutù bí ilẹ̀ yàrá. Nígbà tó dìde, ó rọra ṣàlàyé fún wọn: oòrùn ni ìyá àwọn ẹyin yìí báyìí, dẹ́kìn sì ti tì í mọ́ta. Bí èyíkéyìí bá tilẹ̀ pa, ògiri kò ní jẹ́ kí ọmọ dé odò. Àti pé òfin sọ pé kẹ́nikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́, inú rere yòówù kó ní.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Baba Bíríkìlà díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé oúnjẹ tó fi tọ́ ọmọ ló ń pa ọmọ.

Ẹnjiníà sáré dé. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le: kí wọ́n gbé òòlù ńlá, kí wọ́n wó o kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ dànù. Ta ló máa mọ̀? Dúró-Ná ní bí òòlù bá ń mi ilẹ̀, ohun tó wà nínú ẹyin á kú. Ẹnjiníà ní bí wọ́n bá lọ sọ fún ìjọba ńkọ́, ṣé ìjọba ò ní tì wọ́n pa?

"Sà, ẹyin yẹn ni afárá," ni Dúró-Ná wí. "Bí wọ́n bá kú sábẹ́ dẹ́kìn wa, afárá kú. A ò lè gbà wọ́n là láì fọwọ́ kan ilé yìí, a ò sì láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Mò ń lọ gba àṣẹ."

Ẹnjiníà fẹ́ tún sọ̀rọ̀. Ó wo ojú obìnrin náà, ó ní kí wọ́n gbé òòlù sílẹ̀.

Ọ́fíìsì Ẹranko wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Fáànù ibẹ̀ máa ń mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó ti kọ ohun tí èèyàn wá bẹ̀bẹ̀ fún kí onítọ̀hún tó lanu. Ìyá Onígíláàsì ni ọ̀gá ibẹ̀: gíláàsì kan lójú, òmíràn lórí irun. Bó bá wo èèyàn láti òkè gíláàsì, ẹ̀ṣẹ̀ tí onítọ̀hún ṣẹ̀ ní kékeré á máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Ta ló rán ẹ?" ló bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Èmi ni mo wá."

"Wọ́n ti wó o?"

"Rárá, mà."

Ìyá Onígíláàsì bọ́ gíláàsì tojú. "Ẹlòmíì ì bá ti wó o," ó ní. Ìyìn tó gbẹnu rẹ̀ jáde lọ́dún yẹn kò ju ìyẹn lọ. Ó wá ṣàlàyé pé dẹ́kìn náà gbọ́dọ̀ kúrò ní kíákíá, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè pàṣẹ rẹ̀. Ẹyin jẹ́ ti òun. Ilé tó bá wà létí odò, ti Ọ́fíìsì Odò ni. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ bílọ́ọ̀kù kan níbẹ̀.

Dúró-Ná gba Ọ́fíìsì Odò lọ. Ọkùnrin sanra kan ló bá níbẹ̀ tí tọ́wẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gá Tọ́wẹ̀lì ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó yẹ fáìlì kan wò, ó nu ọrùn. Ó yẹ òmíràn wò, ó nu iwájú orí. Ó ní kò sí ilé kankan níbẹ̀. Dúró-Ná ní ó wà, òun fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà ní àwọn kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ́lé síbẹ̀, nítorí náà ilé kò lè wà níbẹ̀; báwo ni òun á ṣe fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú ilé tí kò sí? Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà ràn án lọ́wọ́ ni pé kí kọ́ńpánì kọ́kọ́ tọrọ àyè láti kọ́ ọ. Àwọn á gbé e yẹ̀ wò, àwọn á kọ̀. Bí àwọn bá ti kọ̀, ó di ilé tí kò bófin mu nìyẹn, wọ́n sì lè tú u.

"Ìgbà wo lẹ máa kọ̀ ọ́, sà?"

"A kì í kánjú kọ̀ nǹkan níbí."

Dúró-Ná pa dà sọ́dọ̀ Ìyá Onígíláàsì. Ìyá Onígíláàsì ní òun ò ní tẹ ààlà ẹlòmíì. Ó hàn pé nǹkan kan ti wà láàárín ọ́fíìsì méjèèjì tipẹ́, lórí igi kan tó wó lulẹ̀ tí ìdí rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, tí orí rẹ̀ wà nínú omi. Látìgbà náà, wọn kì í kí ara wọn. Dúró-Ná tún gba Ọ́fíìsì Odò lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní kó lọ, kó pa dà wá, ó lọ, ó sì pa dà wá. Ó lọ, ó bọ̀ láàárín wọn bí abẹ́rẹ́ lára aṣọ yíya, débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Àlejò kan bi í níbi tí ilé ìtọ̀ wà, ó sì júwe rẹ̀ láì ronú. Ẹnjiníà ń pè é lórí fóònù ṣáá: iyanrìn ń tutù sí i, ìkùukùu ti ń yọ lókè odò. Dúró-Ná á ní òun gbọ́, á pa fóònù, á tún jókòó.

Ọjọ́ tí ó rẹ̀ ẹ́ jù, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó bá àbúrò mi níbi tó ti ń fi òróró pa orúnkún. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Àbúrò mi, ẹni tí kò bìkítà fún ìjàpá rí láyé rẹ̀, gbọ́ ti Ọ̀gá Tọ́wẹ̀lì, inú bí i ju ọmọ rẹ̀ lọ.

"Ẹni tó ní kò sí ilé níbẹ̀," ó ní, "ní kó wá rìn gba ibẹ̀ kọjá. Bí kò bá fẹsẹ̀ kọ, ó jàre."

Dúró-Ná wò ó títí. Ó di mọ́ ọn, òróró sì dé ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wọlé tọ Ọ̀gá Tọ́wẹ̀lì lọ tààrà, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Mo ti ro ọ̀rọ̀ yín, sà. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi sọ ọ́ níbẹ̀ gan-an, lójú àwọn Ọ́fíìsì Ẹranko, pé kò sí ilé kankan níbẹ̀. Bó bá tẹnu yín jáde, ó parí."

Tọ́wẹ̀lì dúró sí agbedeméjì ọrùn. Bó bá kọ̀, ó ń jiyàn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn.

"Àwọn Ọ́fíìsì Ẹranko máa wà níbẹ̀?"

"Wọ́n máa wà níbẹ̀, sà."

Ó wá dé fìlà rẹ̀. Dúró-Ná sì sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ọ́fíìsì Ẹranko, ó sọ fún Ìyá Onígíláàsì pé Ọ́fíìsì Odò ń lọ sórí ilẹ̀ àwọn ẹyin lónìí. Kò tíì sọ ọ́ tán tí gíláàsì méjèèjì fi wà lójú ìyá náà.

Wọ́n pàdé létí odò bí orogún tó pàdé nídìí ẹ̀rọ omi. Ọ̀gá Tọ́wẹ̀lì fi bàtà dídán rẹ̀ gba orí iyanrìn lọ. Ó dé ibẹ̀. Ó yí i po. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú fèrèsé. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ sún mọ́ ọn.

"Ilé ni," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ìyá Onígíláàsì dá a lóhùn.

Ẹnìkan fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ọ̀gá Tọ́wẹ̀lì bèèrè pẹ̀lú ìbínú pé ta ló kọ́ ọ. Baba Bíríkìlà bọ́ sí iwájú, ó ṣí fìlà, ó ní òun ni, ajá ló ń da àwọn láàmú. Ọkùnrin náà tún wo ògiri náà, ó wo igun rẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́, ó ní, "Ó dúró déédéé ṣá."

Dúró-Ná ti mú ìwé àṣẹ dání. Ó tẹ́ ẹ sórí iwájú ọkọ̀. Ìṣòro tuntun dé: kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú àwọn méjèèjì. Ó fa gègé méjì yọ, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó ní kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n fọwọ́ sí i pa pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó.

Ìyá Onígíláàsì wá fi òfin lélẹ̀. Kò sí òòlù. Kò sí ẹ̀rọ. Kò sí ẹsẹ̀ tó máa sáré. Gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà, tọ̀gá tọmọọṣẹ́. Ẹ sáà mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bá bà lé ibi tí mi ò ní dárúkọ. Baba Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló fi ayùn ré ibi tí dẹ́kìn ti so mọ́ ògiri, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fárí ọmọ tuntun. Wọ́n ki igi bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e. Ó wúwo. Ẹnjiníà wà ní igun kan, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Igun tó kù ń tẹ̀, kò sì sí ọwọ́ tó ṣẹ́ kù. Ọ̀gá Tọ́wẹ̀lì wò yíká, ó ká tọ́wẹ̀lì sí èjìká bí òṣùká, ó tẹ̀, ó gbé e. Wọ́n rìn lọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ bílọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba Bíríkìlà ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́yà, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ láì nù ún. Ìpìlẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Oòrùn bọ́ sórí iyanrìn.

Ìyá Onígíláàsì pe Ẹnjiníà àti Dúró-Ná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Bí ọmọ bá jáde níbí, àṣẹ yín wà. Bí kò bá jáde, ẹ kó irin yín."

Ìdúró ló wá kù. Wọ́n fi Baba Bíríkìlà ṣọ́ ìtẹ́ náà, igi lọ́wọ́, agbòòrùn lórí, bílọ́ọ̀kù kankan kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ajá ọjọ́sí pa dà wá. Bàbá lé e títí ó fi rẹ àwọn méjèèjì, ó wá bu búrẹ́dì tó ń jẹ fún un. Kí ẹ tó pajú pẹ́, ajá yẹn ló ń lé àwọn ajá yòókù.

Àràárọ̀ ni Dúró-Ná ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ iyanrìn. Ó ti ń gbóná, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí òtútù ti ṣe nísàlẹ̀? Ìkùukùu ń ṣú lókè odò, omi ti ń gòkè ní bèbè kan. Àwọn èèyàn kan ní kó wá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ dè. Kò wá a. Ó ní ìtẹ́ ṣì wà níbẹ̀, òun náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹnjiníà ń rìn sókè rìn sódò bí ọkọ tí aya rẹ̀ ń rọbí, ó ń bi í léraléra pé, "Wọ́n ti pa?" Ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà: "Wọn ò tíì pa, sà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àárín iyanrìn náà jìn sínú. Dúró-Ná ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì méjèèjì. Ìyá Onígíláàsì dé. Ọ̀gá Tọ́wẹ̀lì náà dé, ó ní ìpìlẹ̀ lòun wá wò, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Wọ́n ṣí apá ìpìlẹ̀ tó kọjú sódò. Wọ́n pa ẹ̀rọ òdì kejì, gbogbo ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ọ̀kan yọrí jáde, kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù òtútù lọ. Ó wo ayé, ó dà bíi pé ayé ò wù ú, ó fẹ́ pa dà sínú ilé. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tì í. Wọ́n ń jáde, wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n kọjú sí omi láìsí ẹni tó júwe ọ̀nà. Ọ̀gá Tọ́wẹ̀lì ń nu ojú, ó sì sọ pé òógùn ni.

Nígbà tí kò sí èyí tó tún ń jáde mọ́, Ìyá Onígíláàsì kúnlẹ̀, ó fọwọ́ wa ìtẹ́ náà. Ó kó àwọn ẹyin tí kò pa jáde, ó tò wọ́n sórí aṣọ. Tútù ni wọ́n. Baba Bíríkìlà rí wọn, ó jókòó sílẹ̀ gbì.

Dúró-Ná jókòó tì í. "Bàbá, àwọn tó lọ pọ̀ ju àwọn tó kù lọ."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Ọrùn wa làwọn tó kù wà," ó ní. "Ọrùn tèmi náà, torí n ò kọ́ yín kí n tó lọ. A ò ní tún un ṣe mọ́."

Ìyá Onígíláàsì gbọ́. Ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, ó wo Dúró-Ná. Kò wò ó láti òkè gíláàsì lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Àṣẹ yín wà."

Dúró-Ná ká okùn pupa, ó nawọ́ sókè sí òdì kejì. Ẹnjiníà kò dúró de awakọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gun ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ké, wọ́n sì gbé irin àkọ́kọ́ wá fún òpó kẹta kí omi tó débẹ̀.

Títí dòní, kí wọ́n tó gbé bílọ́ọ̀kù kan kalẹ̀ níbi iṣẹ́ tí Dúró-Ná bá wà, àwọn bíríkìlà á kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá páànù kan, òun á sì sọ fún wọn irú ẹ̀dá tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ń fẹ́. Baba Bíríkìlà ló máa ń bá a kọ́ wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni tirẹ̀: "Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá ló ń wá ilé." Lẹ́yìn ìyẹn, á jókòó.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò yingin. Ilé wà, dẹ́kìn wà, fèrèsé pàápàá wà. Kọ́tìnì nìkan ni mo fi kún un, nítorí pé ojú fèrèsé yẹn ṣófo jù.